Àga Tí Alága Fọ́

Bí ènìyàn bá fẹ́ bá káfíńtà yìí jà, ọ̀nà méjì péré ló wà: kó ní àga rẹ̀ kò dáa, tàbí kó ní ọmọ rẹ̀ sanra jù. Ti àkọ́kọ́, ẹ̀rín ni yóò fi dáhùn, nítorí kò sẹ́ni tó máa gba onítọ̀hún gbọ́. Ti ìkejì, òòlù ọwọ́ rẹ̀ á dúró sókè, á wo olúwarẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, á ní, "Ṣé ebi ni ìyá tìẹ fi tọ́ ọ ni?" Ọkùnrin náà tínínrín bí igi ìṣáná. Ọlọ́gbọ́n ni tó bá di ti ọwọ́, òmùgọ̀ gbáà ni tó bá di ti ẹnu. N kò bú u o, bó ṣe rí ni mo sọ.

Ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà, páànù lórí, pákó tí ó fi ti ògiri ní ẹ̀gbẹ́ kan, èérún igi nílẹ̀ tó muni dé ọrùn ẹsẹ̀. Kì í kan ibùsùn, kì í kan ilẹ̀kùn. Àga ni. Kì í sì í fi ìṣó kan oríkèé àga bí àwọn tó ń kánjú. Á gbẹ́ ihò sára igi kan, á gbẹ́ orí igi kejì kó lè wọnú ihò náà ṣinṣin, á fi gọ́ọ̀mù sí i, á wá fi èèkàn igi kékeré há a. Bó bá parí, á fi irin gbígbóná tẹ àmì rẹ̀ sábẹ́ ìjókòó: àmì roboto kan tí ìlà méjì gba àárín rẹ̀ kọjá. Ó ní ẹni tó bá rí àmì yẹn lábẹ́ àga, kó lọ sùn, kó fọkàn balẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò tíì parí níbẹ̀. Káfíńtà mìíràn a máa jókòó lórí àga tó bá kàn láti dán an wò. Tiwa yìí kò tó bẹ́ẹ̀. Bó bá jókòó, àga kò ní mọ̀ pé ènìyàn dé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló máa ń pè. "Alága! Wá bá mi jókòó wò!" Láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin ló ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Á gun orí àga, á mi ara rẹ̀ síwájú, á mi ara rẹ̀ sẹ́yìn, bàbá rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á dẹ etí sí ẹsẹ̀ àga. Bí kò bá dún, bàbá á pàtẹ́wọ́: "Alága ti buwọ́ lù ú!" Ọmọ á mú pẹ́ńsù, á ya ojú kékeré kan tó ń rẹ́rìn-ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì bàbá rẹ̀. Ìyẹn ni ìbuwọ́lù. Bàbá á wá na búrẹ́dì dídùn kan sí i, èyí tí wọ́n fi bọ́tà àti ṣúgà pò. Àga kan, búrẹ́dì kan. Ọjọ́ tó bá parí àga mẹ́fà, ẹ̀yin náà ẹ bá mi wò ó.

Kò sí orúkọ tó dùn lẹ́nu rẹ̀ tó Alága. Alága ni ẹni tó ni àga, Alága náà ni ẹni tí gbogbo ìpàdé ń dìde fún. Kò pẹ́ tí ìyá ọmọ náà pàápàá fi ń pè é bẹ́ẹ̀, tí aládùúgbò ń pè é bẹ́ẹ̀, tí orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i wá di ohun tó wà nínú ìwé nìkan.

Kí ló ń ṣe ọkùnrin náà gan-an? Ebi ni. Nígbà tó ń kọ́ iṣẹ́, ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ló ń gbé, ọ̀gá náà sì ní ìyàwó kan tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ìkòkò ló ń há fún un, bó bá kù. Bó bá bọ́ ẹ̀wù láti fági, wọ́n á máa ka ìhà rẹ̀ sókè bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní ìṣirò. Egungun-Ẹja ni wọ́n ń pè é. Àwọn oníbàárà pè é, àwọn tó ń ta pákó pè é, ìyàwó ọ̀gá náà pè é títí ó fi gba òmìnira níbẹ̀. Ọjọ́ tó kúrò lọ́hùn-ún ló ti búra pé ẹnikẹ́ni kò ní ka egungun ọmọ òun láéláé. Ó mú ìbúra náà ṣẹ. Ó mú un ṣẹ débi pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò lè gun àtẹ̀gùn ilé tiwọn lẹ́ẹ̀kan kó má dúró mí láàárín, ó sì ń hanrun lóru tí aládùúgbò fi ń béèrè bóyá bàbá ló ń hanrun yẹn.

Ìyá Alága ló kọ́kọ́ gbọ́n. Aṣọ ibùsùn ló ń fọ̀ ní ilé ìwòsàn, nínú yàrá kan tí oru omi gbígbóná kì í jẹ́ kí ènìyàn rí ojú ẹnì kejì rẹ̀. Ó ti rí aṣọ àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ nítorí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kan ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó fi tipátipá mú ọkọ rẹ̀ dání, ó ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ rí nọ́ọ̀sì tó ń rí sí àwọn ọmọdé.

Nọ́ọ̀sì náà gbé ọmọ sórí ìwọ̀n. Ó wo ìwọ̀n, ó wo ìwé ara ògiri, ó tún wo ìwọ̀n.

"Bàbá, ìwọ̀n ọmọ yìí ti kúrò ní ti ọmọdé. Kí ló máa ń jẹ?"

"Oúnjẹ ni," ni káfíńtà dáhùn. "Àbí kí lẹ̀yin ń jẹ níbí? Ó jọ pé ẹ kì í jẹ nǹkan kan."

Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. "Irú oúnjẹ wo ni mo bi yín."

Ìyàwó ló dá a lóhùn. "Búrẹ́dì dídùn mẹ́ta kó tó dọ̀sán. Ẹlẹ́rìndòdò ìgò méjì. Ìrẹsì tí bàbá ẹ̀ máa ń bù fún un, èmi tí mo bí i ò lè jẹ ẹ́ tán."

"Áà!" ni ọkọ rẹ̀ ní. "Ẹjọ́ mi lo gbé wá síbí!"

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kì í lọ sọ́jà, bàbá. Kì í dáná. Ohunkóhun tó bá wọ ẹnu ẹ̀, ẹnì kan ló gbé e síbẹ̀. Ta lẹni náà?"

Ẹni tó bá ní làákàyè á ti dáhùn. Káfíńtà dìde ni tirẹ̀, ó fa ọmọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí ìwọ̀n. Ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí bí ìgbálẹ̀ yìí lẹ fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ? Ẹ lọ jẹun kẹ́ ẹ tó máa bá èèyàn sọ̀rọ̀ oúnjẹ." Ó ti ilẹ̀kùn gbàgà lójú wọn. Ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan náà ló dúró tọrọ àforíjì, ojú sì tì í débi pé ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà wọlé iṣẹ́ fún odindi oṣù kan.

Láti ọjọ́ náà ni ogun ti bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé wọn. Ìyàwó yọ ṣúgà kúrò lórí tábìlì. Omi lásán ni ọmọ ń mu, ẹ̀fọ́ pọ̀ ju ìrẹsì lọ nínú àwo, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lọ sílé-ìwé. Ọmọ náà sunkún fún ọ̀sẹ̀ kan, ó sì dákẹ́. Inú ìyá dùn, ó rò pé ó ti mọ́ ọn lára. Kò mọ̀ pé nǹkan mìíràn ló mú un dákẹ́. Bí ilé-ìwé bá ti ṣíwọ́, bàbá á lọ dúró lẹ́nu géètì, á máa pariwo, "Alága mi! Alága mi dà?", á mú un lọ síbi iṣẹ́, á ṣí àpótí ìṣó. Lábẹ́ ìṣó ni agolo kan wà. Inú agolo náà ni búrẹ́dì wà.

Èèrà ló tú àṣírí. Ìyá Alága wá wá ìṣó tí yóò fi so okùn ìsáṣọ, ó rí i tí èèrà tò lọ gbọọrọ láti ẹnu ọ̀nà títí wọnú àpótí.

"Bàbá Alága, kí lèèrà ń wá nínú àpótí ìṣó?"

"Bi èèrà."

Ó tú àpótí náà dàálẹ̀. Agolo yí gbirigbiri, ó ṣí. Búrẹ́dì mẹ́rin ló jáde, tí èèrà ti bò.

"Ṣé ẹ fẹ́ pa ọmọ yìí ni?"

"Ìwọ lo fẹ́ fi ebi pa á! Ẹ̀fọ́, ẹ̀fọ́, ẹ̀fọ́, ṣé ewúrẹ́ lo bí ni?"

"Ebi tó pa yín lọ́jọ́sí lẹ̀ ń bọ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè rárá. "Ẹ̀yin ni ebi pa. Ọmọ mi lẹ wá ń rọ ọ́ fún."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún ju ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì lọ, nítorí òótọ́ ni. Ẹni tí òótọ́ bá bà, bí kò bá ronú, á bínú. Ó bínú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àwọn méjèèjì kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. "Alága, sọ fún bàbá ẹ pé omi ti gbóná." "Alága, sọ fún ìyá ẹ pé mo ti gbọ́." Ọmọ á wà láàárín, á máa ru ìjà wọn láti yàrá dé yàrá bí ẹni ru igbá ẹyin. Bàbá kò dáwọ́ dúró o. Agolo náà ló pààrọ̀ àyè. Ó gbé e kúrò nínú àpótí, ó gbé e kọ́ òkè páànù níbi tí èèrà kò mọ̀.

Àsìkò yìí gan-an ni iṣẹ́ ńlá yọjú. Ilé-ìwé Alága ń kọ́ kíláàsì tuntun, wọ́n sì nílò igba àga. Ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, tó ń fi gíláàsì rẹ̀ sí imú dípò ojú, ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Igba àga! Káfíńtà náà ti kan ogójì fún wọn lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, kó tó di pé wọ́n lọ ń ra oníke. Oníke ti ń fọ́ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n fẹ́ padà sórí igi. Bí ó bá rí iṣẹ́ yìí gbà, á kúrò lábẹ́ páànù, á gba ilé iṣẹ́ tó ní ilẹ̀kùn. Ogún ọdún ló ti fi ń wá irú rẹ̀. Ó kan àga kan tí yóò fi hàn ọ̀gá náà, ó dán an títí ó fi ń rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ku kí Alága jókòó sí i.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí oòrùn wà láàárín ọ̀run, tí ó yẹ kí ọmọ ilé-ìwé wà ní kíláàsì, Alága yọ lójú ọ̀nà lóun nìkan. Ó gbé báàgì rẹ̀ síwájú ikùn. Ìdí aṣọ rẹ̀ ti ya.

"Kí ló dé?"

Ọmọ náà tún fa báàgì mọ́ra.

"Mo ní kí ló dé? Ta ló nà ẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó nà mí. Àga mi ṣẹ́."

"Àga báwo?"

"Mo jókòó, ó ṣẹ́. Mo ṣubú." Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. "Wọ́n wá ń kọrin. 'Alága fọ́ àga, Alága fọ́ àga.' Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ó wá fọwọ́ bo ẹnu."

"Ta ló sọ fún wọn pé Alága ni wọ́n ń pè ẹ́?"

Ọmọ náà gbójú sókè, ó wò ó. Ta ló ń pariwo lẹ́nu géètì lójoojúmọ́ ayé?

Káfíńtà kò rí ìwò náà. Ìbínú ti bò ó lójú. Ó so òòlù mọ́ ìdí, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní wọ́n á mọ̀ ọ́n lónìí. Ọmọ náà ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọlé." Kò gbọ́. Ó ń sáré níwájú, ọmọ ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn, ó sì ń yí padà ní gbogbo ìgbà láti sọ pé kó yára.

Bó ṣe dé ilé-ìwé, kò kan ilẹ̀kùn. Ọ̀gá ilé-ìwé wà nídìí tábìlì pẹ̀lú tíṣà kíláàsì náà, ọmọbìnrin kékeré kan tí kò tíì ju ẹni ọdún mẹ́tàlélógún lọ, tí ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Irú pákó jẹgẹjẹgẹ wo lẹ gbé ọmọ mi jókòó lé?" ni káfíńtà fi bẹ̀rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. "Ẹ fẹ́ kó ṣẹ́ léegun ẹ̀yìn ni? Àti ìwọ, tíṣà, ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín, eyín ẹ á jáde lọ́jọ́ kan!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," ni ọ̀gá wí.

"N ò jókòó! Ẹni tó kan àga yẹn, olè ni! Kò kọ́ṣẹ́ yanjú, wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ ni! Ẹ mú orúkọ ẹ̀ wá, màá lọ bá a nílé. Ọwọ́ tó fi kan irú nǹkan báyẹn, kò yẹ kó tún di òòlù mú láéláé. Ṣé èmi lẹ rò pé mo máa kan irú ẹ̀? Bó bá jẹ́ àga tèmi ni, ọmọ mi á jókòó lórí ẹ̀ títí á fi relé ọkọ!"

Àwọn ọmọ ti kún ojú fèrèsé. Alága wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi báàgì bo ara.

"Ẹ ti sọ tán?" ni ọ̀gá ilé-ìwé bi í.

"N ò tíì sọ tán!"

"Ẹ sọ ọ́ tán, mo ń gbọ́."

Ó tún bú ẹni tó kan àga náà díẹ̀ sí i. Ó bú ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ mọ́ ọn. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ọ̀gá ilé-ìwé ní kí tíṣà lọ gbé àga náà wá. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n gbé àga náà kalẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Káfíńtà rúnmú, ó fi ẹsẹ̀ yí i dojú dé láti fi àléébù rẹ̀ hàn wọ́n.

Àmì roboto kan ló rí, tí ìlà méjì gba àárín rẹ̀ kọjá.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì náà ni ojú kékeré kan wà tí wọ́n fi pẹ́ńsù yà, tó ń rẹ́rìn-ín. Ìlà rẹ̀ kò gún, ìlà ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ọ̀kan nínú ogójì ọjọ́sí ni. Alága ti jókòó lórí àga yìí rí, àga yìí gan-an, ó mi ara rẹ̀ síwájú, ó mi ara rẹ̀ sẹ́yìn, kò sì dún. Ó ti buwọ́ lù ú.

Káfíńtà fi àtàǹpàkò tẹ oríkèé kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń wo bóyá eegun ṣẹ́ lára ènìyàn. Oríkèé kan kò yẹ̀. Èèkàn igi wà láyè rẹ̀. Kòkòrò kò jẹ ẹ́, omi kò bà á. Igi ìdábùú tó gbé ìjókòó dúró ló ṣẹ́ láàárín, níbi tó le gbọn-in-gbọn-in, níbi tí igi kì í ti í ṣẹ́ àyàfi bí ohun tó wà lórí rẹ̀ bá wúwo ju èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kàn án. Àga náà kò yí padà láti ọdún márùn-ún. Ẹni tó yí padà wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo ti rí àmì yẹn láàárọ̀," ni ọ̀gá ilé-ìwé wí. "Mi ò fẹ́ já lu ọ̀rọ̀ yín ni. Ogójì ni wọ́n, ẹyọ kan ò ṣẹ́ rí àfi tòní. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi ní kí n gbé igba fún yín. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ilé-ìwé máa bi mí léèrè, tẹ́ ẹ sì ti bú ẹni tó kàn án lójú gbogbo ayé." Ó ti gíláàsì rẹ̀ sókè. "Ọmọ yín ti wúwo ju tíṣà ẹ̀ lọ, bàbá. A gbé e sórí ìwọ̀n ní sáà tó kọjá, mo kọ lẹ́tà sí yín."

Lẹ́tà náà wà lábẹ́ páànù, káfíńtà fi di agolo búrẹ́dì.

"Nítorí náà ẹ sọ èyí tí mo máa sọ fún wọn. Ṣé àga ni, àbí ọmọ?"

Ọ̀rọ̀ náà le, n kò sì ní gbè sẹ́yìn obìnrin náà; kò yẹ kí ó sọ ọ́ lójú ọmọ. Ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́. Ìdáhùn sì wà lẹ́nu káfíńtà, ìdáhùn tó rọrùn, tó sì jẹ́ òótọ́. Kó sáà ti nawọ́ sí oríkèé yẹn ni. Kó ní, ẹ wò ó, ẹ fọwọ́ kàn án, iṣẹ́ mi kò yẹ̀. Igba àga á di tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ní ilẹ̀kùn á di tirẹ̀. Ó la ẹnu. Ó ní, "Oríkèé ẹ̀ ò…"

Ó gbójú sókè. Àwọn ojú tó wà ní fèrèsé ti kúrò lára rẹ̀, gbogbo wọn ti yí sí ẹnu ọ̀nà. Alága ń fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀, ó ń fa aṣọ rẹ̀ wálẹ̀ lórí ikùn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń fà á bí ẹni pé bó bá fà á tó, òun á parẹ́ sínú rẹ̀. Káfíńtà mọ ohun tí ọmọ náà ń ṣe. Òun náà ti ṣe é rí, nígbà tí wọ́n ń ka ìhà rẹ̀, tó ń fi apá bò ó.

"Egungun-Ẹja" ni wọ́n ń pè é nígbà náà. "Alága" ni wọ́n ń pe eléyìí. Ẹni tó fún ọmọ náà lórúkọ kì í ṣe ìyàwó ọ̀gá kankan; bàbá rẹ̀ ni.

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ ti lọlẹ̀ débi pé tíṣà ní láti sún mọ́ ọn. "Èmi ni mo ṣe é. Èmi ni mo bà á jẹ́."

"Àga náà?" ni ọ̀gá bi í.

"Ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ni mò ń sọ."

Ọ̀gá ilé-ìwé wò ó pẹ́. Bóyá ó yé e, bóyá kò yé e. Ó pa fáìlì rẹ̀ dé. "Á jẹ́ pé kò sídìí tí mo fi ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ mọ́. Ẹ ṣeun, bàbá."

Bó ṣe parí nìyẹn. Àwọn ọmọ tó wà ní fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ láàárín ara wọn pé bàbá Alága kò mọ àga kàn. Tíṣà fẹ́ sọ nǹkan kan fún ọmọ náà, bóyá ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Alága kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i.

Lójú ọ̀nà, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì nàgà jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Alága o! Ti yín ti jáde, ó ṣì gbóná!"

"Kò fẹ́!" ni káfíńtà jágbe mọ́ ọn. Obìnrin náà fò sẹ́yìn. Ọdún márùn-ún ló fi ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, kò jágbe mọ́ ọn rí. Ó ní òun kò mọ ohun tí òun ṣe. Òótọ́ ni, kò ṣe nǹkan kan.

Wọ́n dé ibi iṣẹ́. Àga tí ó dán fún ọ̀gá ilé-ìwé dúró láàárín èérún igi, ó ń tàn yanran, kò ní olówó mọ́. Káfíńtà tú òòlù kúrò nídìí. Kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe, ó wá ṣe ohun tó ti mọ́ ọn lára. Ó na ọwọ́ sí àga náà, ó ní, "Wá bá mi jókòó…"

Ó gbọ́ ohun tó ń sọ, ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

Ọmọ náà kò sún mọ́ ọn. Ó dúró síbi òpó, báàgì wà níwájú rẹ̀.

"Ẹ jókòó sí i fúnra yín," ni ó wí.

Ọmọ kì í bá bàbá sọ̀rọ̀ báyẹn. Lọ́jọ́ mìíràn, á ti gbọ́ ìró àbàrá. Káfíńtà jókòó. Àga náà kò dún. Ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò jókòó lórí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ láti ọdún márùn-ún nìyẹn, ó sì jókòó bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́.

"Àga yẹn ò bàjẹ́," ni ọmọ náà wí. "Mo wò ó kí wọ́n tó gbé e kúrò. Oríkèé ẹ̀ ò yẹ̀. Ẹ̀yin náà rí i."

"Mo rí i."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ wá parọ́?"

"Mi ò parọ́."

Ó wò ó. Ó wò ó títí. Kò sí ìfẹ́ nínú ìwò náà, n kò ní tàn yín jẹ. Ìwò ẹni tó ń wo oríkèé ni, láti mọ̀ bóyá ó dúró.

Káfíńtà dìde, ó nàgà sókè páànù, ó gbé agolo sọ̀kalẹ̀, lẹ́tà ilé-ìwé já bọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ó gbé méjèèjì lé orí àga. "A máa kó o fún ìyá ẹ," ni ó wí. "Èmi ni màá fẹnu ara mi sọ fún un. Mi ò ní rán ẹ."

"Ẹ má pè mí ní Alága mọ́," ni ọmọ náà wí.

"Mo gbọ́."

Ó gbé agolo, ó gbé lẹ́tà, ó jáde sójú ọ̀nà. Nígbà tó yíjú padà, ọmọ náà ṣì wà nídìí òpó. Ó la ẹnu láti pè é, orúkọ kan bọ́ sí i lẹ́nu, ó gbé e mì. Ó ní láti ronú díẹ̀ kó tó rí èyí tí wọ́n sọ ọ́. Ó wá pè é, orúkọ náà gan-an, lódindi, bó ṣe wà nínú ìwé.

Ọmọ náà bojú wẹ̀yìn. Ó rò pé ẹlòmíràn ni bàbá òun ń pè.